Àáró Àwọn Àlejò

Ọkọ́ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fún oṣù márùn-ún, kì í sì í ṣe tèmi. Èèkù rẹ̀ dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa, ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú lára rẹ̀ sì ti jẹ wọnú díẹ̀. Tí mo bá ń gbálẹ̀ yàrá, màá fi ìgbálẹ̀ yí i ká, mi ò ní gbé e. Ìyá mi bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ọkọ́ ta nìyẹn. Mo ní ẹnì kan ló fi sí mi lọ́wọ́. Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Abúlé wa kò jìnnà sí Lalupon. Tí òjò ò bá tíì ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀kadà á gbé ọ débẹ̀ kí o tó jẹ àgbàdo kan tán. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo ń gùn ún. Ìwé mi ò lọ títí. Mo dé kíláàsì karùn-ún girama nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n tí wọn ò lè lọ sóko mọ́, ni mo bá fi ìwé sílẹ̀, mo gba ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rédíò, òyìnbó sì máa ń yọ̀ lẹ́nu mi ju ti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Òun ló sọ mí di ògbufọ̀ nígbà tí àwọn àlejò dé.

Méje ni wọ́n, ọ̀dọ́ sì ni gbogbo wọn. Mẹ́rin wá láti Jámánì, mẹ́ta wá láti ìgboro Ìbàdàn. Aǹtí kan tó ń gbé ní Ọlọ́runṣògo ló kó wọn wá. Ètò tí wọ́n bá wá ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ ibí àti àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè jọ kọ́ nípa bí ayé ṣe ń lọ: ibi tí oúnjẹ ti ń wá, ìdí tí àwọn kan fi ní tí àwọn kan ò fi ní, ohun tí ojú ọjọ́ ń dà, àti bí a ṣe lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ lò. Lalupon ni wọ́n ń sùn, wọ́n á wá máa wá bá wa láràárọ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa, nítorí àwọn ọmọ ilé ìwé ti gba ìsinmi Àjíǹde.

Àwa ọ̀dọ́ abúlé tó ogún. Káfíńtà kan wà láàárín wa, ọ̀rẹ́ mi ni, ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ. Ọmọbìnrin kan náà wà tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀, òun ló mọ̀wé jù wá lọ. Lọ́jọ́ kejì, aǹtí pín gbogbo wa sí ìsọ̀rí márùn-ún, wọ́n ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan dúró fún apá kan nínú ayé. Wọ́n wá pín ẹ̀pà. Àwa tí a pọ̀ jù ní igun tiwa, ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n fún wa. Àwọn mẹ́ta tó jókòó sí igun kejì, abọ́ ńlá ni wọ́n gbé fún wọn. Aǹtí ní kí a sọ ohun tí a rí.

Káfíńtà nawọ́. Ó ní, “Aǹtí, mo ní ìbéèrè kan. Ẹ̀pà inú abọ́ yẹn, oko ta ni wọ́n ti wú u?”

A rẹ́rìn-ín. Aǹtí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ìbéèrè tí a tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn.” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ Jámánì, etí ọ̀kan nínú wọn pọ́n, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọbìnrin wọn kan tó ga, tó máa ń wọ bàtà òjò kiri bí òjò ò tiẹ̀ rọ̀, dìde, ó gbé abọ́ ẹ̀pà náà wá sọ́dọ̀ wa. Káfíńtà ní, “Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá, kí ó tó rántí pé ìlú òun ò sọ fún òun kó ṣe bẹ́ẹ̀.” Mi ò túmọ̀ ìyẹn.

Mo gbádùn gbogbo rẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, aǹtí sọ pé tí ètò náà bá lọ dáadáa, wọn yóò mú méjì nínú wa lọ sí Jámánì lọ́dún tó ń bọ̀, kí àwa náà lọ rí bí wọ́n ṣe ń gbé lọ́dọ̀ tiwọn. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ọkàn sí ẹ̀pà mọ́. Ohun tí mo ń wò ni bí aǹtí ṣe ń wò mí.

Ìgbà tí wọ́n wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, inú mi dùn. Wọ́n ní, “Bọ̀dá ọlọ́kadà, a ò fẹ́ máa sọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lẹ́nu lásán. A fẹ́ oko kan tí àwọn ọmọ yìí máa fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ṣé o lè bá wa bẹ ẹnì kan?”

Mo ti ní mo lè ṣe é kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Kò rọrùn tó bí mo ṣe rò. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ abúlé wa ti kọ ebè wọn tán, nítorí òjò tètè dé lọ́dún yẹn. Àwọn tó kù ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi oko wọn kọ́ṣẹ́. Ó wá ku bàbá kan tí oko wọn wà lẹ́yìn ilé ìwé, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ sí. Ilé olórìṣà oko ni ilé wọn, àwọn tí kì í fẹnu kan iṣu tuntun títí dòní kí wọ́n tó ṣe ọdún rẹ̀. Ìyá mi, tó ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, máa ń sọ pé ká ní gbogbo onígbàgbọ́ ló ń pa ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́ bíi ti bàbá yẹn ni, àdúrà ì bá máa tètè gbà. Mẹ́rin ni Bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró láti kékeré. Méjì ti kú. Ẹnì kẹta ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Adégbayì. Bàbá nìkan ló kù tó ń fi ọwọ́ méjì kọ ebè oko tó yẹ kí ọwọ́ mẹ́jọ kọ. Ìdajì rẹ̀ ò tíì rí ọkọ́.

Ẹni tí kò bá dàgbà sí oko lè máa rò pé ohun kan náà ni ọ̀wẹ̀ àti àáró. Tí o bá bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn èèyàn á bá ọ ṣe é, wàá bọ́ wọn, ó parí, oore ni wọ́n ṣe ọ́. Àáró kì í ṣe oore. O wá kọ ebè mi lónìí, mo gbọ́dọ̀ wá kọ tìrẹ lọ́jọ́ tí o bá pè mí, ojúmọ́ kan fún ojúmọ́ kan. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí àáró bá wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò tíì san án kì í wọnú àáró mìíràn. Wọn ò ní lé e, òun fúnra rẹ̀ ni kò ní wá.

Mo bá Bàbá lórí òkúta tí wọ́n ń pọ́n àdá lé.

“Ọlọ́kadà, ta lo tún fẹ́ gbé? Èmi ò lọ síbì kan.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí.

“Mi ò bẹ ọ̀wẹ̀. Kí ni màá fi bọ́ wọn? Kí n wá jókòó kí àlejò máa kọ ebè fún mi bí arọ?”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti yí padà. Mo ṣì lè rí ara mi, bí mo ṣe dúró tí mo ń fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lu itan. Mo ní, “Kì í ṣe ọ̀wẹ̀, Bàbá. Àáró ni.”

“Àáró ti ta ni?”

“Tiwọn. Àwọn náà lóko lọ́hùn-ún. Tó bá kàn wọ́n, wọ́n á ránṣẹ́ pè yín.”

“Ní ìlú òyìnbó?”

“Ayé ti di ọ̀kan báyìí, Bàbá. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nìyẹn.”

Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n mọ̀ pé màá san án?”

Mo ní wọ́n mọ̀.

Wọn ò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Èmi ni mo dá a sọ, nítorí mo fẹ́ padà lọ sọ fún aǹtí pé mo ti rí oko.

Ọjọ́ iṣẹ́ náà dùn, ìyẹn ló sì burú jù nínú rẹ̀. Ebè tí àwọn ọmọ Jámánì kọ dà bí ibi tí adìẹ ti tan ilẹ̀. Bàbá ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọ́n ń fi ọkọ́ tiwọn tún un tò, wọn ò sì bínú. Wọ́n ní kí n sọ fún ọmọbìnrin gíga yẹn pé, “Ìyàwó, ilẹ̀ ni kí o wò, kì í ṣe èmi. Èmi ò ní hù.” Mo túmọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè, ebè náà sì tú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìbàdàn kò lè kọ márùn-ún kí ẹ̀yìn tó dùn ún. Káfíńtà ní, “Bọ̀dá Ìbàdàn, Jámánì ti fi ọ́ sílẹ̀ o. Ṣé kí n bá ọ wá àga?” Ìyàwó Bàbá sun iṣu, wọ́n fi epo sí i, a jẹ ẹ́ lábẹ́ igi. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, apá tí kò tíì rí ọkọ́ ti dín kù gan-an.

Bàbá bọ àwọn méjèèje lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ń pẹ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ojú rẹ̀. Mo rò pé ìdágbére ni. Wọ́n ń mọ ojú àwọn tí wọ́n jẹ ní ojúmọ́ ni.

Kí àwọn àlejò tó padà, àwa àti wọn jọ ṣe ọgbà kan sẹ́yìn ilé ìwé. A gbin ata, tòmátò àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. A kan pátákó kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wa ti ọwọ́ bọ ọ̀dà, a sì tẹ ọwọ́ wa sí i lára. Aǹtí ní àwa la máa tọ́jú ọgbà náà, kí a máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí wasáàpù tí gbogbo wa jọ wà. A ya fọ́tò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. A ya ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó di oṣù kẹta, ewúrẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè, aǹtí pè. Èmi àti ọmọbìnrin télọ̀ ni wọ́n mú. Mo yọ̀, mo sọ fún gbogbo èrò tí mo bá gbé. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá, wọ́n sì wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ́ wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ní, “Wọ́n ní ò ń lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Mo ti ń retí kí wọ́n ránṣẹ́. Bóyá wọ́n rí i pé mo dàgbà, wọn ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Ara mi ò lè gbé ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Àmọ́ àáró ò kọ aṣojú. Ọkọ́ mi rèé. Tí o bá dé oko wọn, fi kọ tèmi. Ojúmọ́ mẹ́rin fún àwọn tọ̀hún. Àwọn mẹ́ta ti Ìbàdàn, màá fẹsẹ̀ ara mi lọ bá wọn, kí o ṣá júwe ọ̀nà fún mi.”

Mo ní àwọn ti Ìbàdàn ò sí nílé, wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n wà nílé tàbí wọn ò sí. Mo gba ọkọ́. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.”

Wọn ò fún wa ní físà. Ẹni tó ń bi mí léèrè lẹ́yìn gíláàsì fẹ́ mọ ohun tí mo ní nílé tí yóò mú mi padà. Mo ní mo ní ọ̀kadà. Ó ní ṣé mo ní oko, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé abúlé ni mo ti wá. Mo ní rárá, mi ò lóko. Ó kọ nǹkan, ó tẹ òǹtẹ̀, ó parí. Ọmọbìnrin télọ̀ náà ò rí i gbà. A wọ ọkọ̀ padà wá sílé.

Gbogbo abúlé gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbé ọkọ́ padà fún Bàbá. Tí mo bá gbé e padà, màá ní láti sọ pé ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀ níbi tí mo ń gbé e lọ. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò gba ọ̀nà odò, tó jìn jù, kí n má bàa kọjá níwájú ilé wọn. Àwọn èrò ń kùn. Mo ní ọ̀nà kejì ti bàjẹ́.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀. Káfíńtà àti àwọn mélòó kan ní káwọn fi Bàbá kún àáró tiwọn, nítorí wọ́n rí i pé oko yẹn ti ju agbára àgbàlagbà kan lọ. Káfíńtà ló wá sọ fún mi bó ṣe lọ. Ó jókòó sórí ọ̀kadà mi, ó ń jẹ mángòrò.

“Bàbá yẹn le. Wọ́n ní àwọn ò lè wọ àáró wa. Mo ní kí ló dé, ṣé a ò mọ ebè kọ ni? Wọ́n ní àáró ẹlòmíràn ṣì wà lọ́rùn àwọn. Mo ní ti ta ni? Wọ́n ní ti àwọn àlejò.” Ó ju kóró mángòrò nù. “Mo rò pé wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé kì í ṣe yẹ̀yẹ́.”

Ó ní, “Ìwọ lo túmọ̀ o. Kí ni wọ́n sọ fún Bàbá lọ́jọ́ náà gan-an?” Mo ní mo ti gbàgbé. Mo tan ọ̀kadà.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìyàwó Bàbá wá bá ìyá mi. Mo wà nínú yàrá, mo ń gbọ́ wọn. Ìyá àgbà ní igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó jọ fún gbígbìn ti ń gbẹ lábẹ́ igi. Wọ́n ní ọkọ́ kékeré tí àwọn fi ń roko ẹ̀yìnkùlé ni Bàbá fi ń kọ ebè, ẹ̀yìn ò sì gbé e mọ́, ìdajì oko ni yóò lọ sínú igbó lọ́dún yìí, oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ sì nìyẹn. Ìyá mi ní kí ló dé tí wọn ò pe àwọn ọ̀dọ́. Ìyá àgbà ní, “O mọ ọkọ mi. Ó ní òun ò ní kú sínú àáró méjì.”

Nígbà tí wọ́n lọ, ìyá mi wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa ọkọ́ yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé e sí iwájú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọn ò bú mi. Wọ́n ní, “Dìde.”

Bàbá ń gé igi ẹ̀gẹ́ sí wẹ́wẹ́ nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ń yọ àwọn tó ti gbẹ sọ́tọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbé ọkọ́ kalẹ̀.

“Wọn ò fún mi ní físà, Bàbá.”

“Mo gbọ́. Ta ni ò gbọ́?”

“Ọkọ́ yín rèé.”

“Mo rí i.” Wọn ò mú un.

“Bàbá, wọn ò mọ̀.”

“Ta ni ò mọ̀?”

“Àwọn àlejò. Mi ò sọ fún wọn pé àáró ni. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n rò pé àwọn wá kọ́. Èmi ni mo dá a sọ, kí ẹ lè gbà.”

Àdá wọn dúró. Wọ́n ní, “Kí lo fẹ́ rí gbà níbẹ̀?”

“Mo fẹ́ kí wọ́n mú mi lọ.”

“O sì wà níbí.”

“Mo wà níbí.”

Wọ́n gé igi kan sí i, wọ́n wò ó, omi ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé e sí ibi tó dára. “Ọwọ́ wọn kan ilẹ̀ mi, àbí kò kàn án?”

“Ó kàn án.”

“Ẹ̀gẹ́ tó hù lórí ebè wọn, mo jẹ ẹ́, àbí mi ò jẹ ẹ́?”

“Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá.”

“Ṣé irọ́ tìrẹ wá lè sọ iṣẹ́ tiwọn di ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe?”

Mo rò pé tí mo bá jẹ́wọ́, ẹrù náà á bọ́ lọ́rùn wọn. Kò bọ́. Wọ́n bi mí pé, “Kí ni wọ́n ní níbí?”

“Wọn ò ní nǹkan kan níbí.”

“Rò ó dáadáa.”

Ó pẹ́ kí n tó rántí. “Ọgbà ẹ̀yìn ilé ìwé.”

“Tiwọn ni?”

“Tiwọn àti tiwa.”

“Tiwa náà wà níbẹ̀? Ta ló ń ro tiwa?”

Mo ní kò sẹ́ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìbínú. Ìgbà náà ni wọ́n tó na ọwọ́ mú ọkọ́ wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti wà nínú ọgbà kí ìrì tó gbẹ. Mo mú ọkọ́ bàbá mi, mo lọ bá wọn. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé.

“Dúró síbẹ̀ yẹn. O ò jẹ wọ́n ní ojúmọ́. Ohun tí o jẹ wọ́n, ọkọ́ ò lè san án.”

Mo dúró. Oòrùn yọ, wọ́n ń ro ó lọ, igbó ń ṣubú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo yọ fóònù, mo gba ohùn mi sílẹ̀ fún aǹtí. Mo sọ ohun tí mo sọ fún Bàbá lọ́jọ́ náà, ohun tí mi ò sọ fún wọn, àti ìdí rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí òyìnbó mi ò gbé e. Wọn ò fèsì títí di ọ̀sán. Ìgbà tí wọ́n pè, wọn ò mẹ́nu ba irọ́ mi lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n ní, “Ṣé Bàbá ṣì wà níbẹ̀ báyìí?” Mo ní wọ́n ti lọ sinmi, wọ́n ń bọ̀ lọ́la. Aǹtí ní, “Àwa náà ò bèèrè. Ó yẹ ká bi yín pé kí ni ẹ̀ ń pe irú iṣẹ́ yẹn níbí.”

Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Ọmọbìnrin gíga yẹn kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ò lóko, inú ilé alájà mẹ́rin ni òun ń gbé, ìkòkò òdòdó méjì ló wà lójú fèrèsé òun. Ó ní òun sọ ọ́ fún ìyá òun, àwọn méjèèjì ò sì mọ ohun tó yẹ kí àwọn ṣe sí i. Mo kà á fún Bàbá. Wọ́n ní, “Sọ fún un pé mo ti ń san án. Kó bu omi sí òdòdó rẹ̀.”

Ní ọjọ́ kẹta, Káfíńtà wá wòran. Ní ọjọ́ kẹrin, ó mú ọkọ́ wá. Ọmọbìnrin télọ̀ náà wá, ó ti gbọ́ ohun tí mo ṣe, kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Bàbá ò lé àwọn yẹn, wọ́n ní ọgbà tiwọn ni. Wọ́n ṣáà ní kí wọ́n má wọ ìlà tàwọn. Èmi ń pọn omi fún wọn mu. Ní ọjọ́ keje, pátákó yẹn tún fojú hàn, ọwọ́ wa ṣì wà lára rẹ̀, àmọ́ òjò ti fọ àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Bàbá wọnú àáró Káfíńtà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, oko Bàbá ló kàn. Wọ́n ránṣẹ́ pe èmi náà. Mo lọ, mo kọ ebè títí ọwọ́ mi fi bó. Igi ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ́ kù wọlẹ̀ kí òjò tó tún rọ̀.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbé ọ̀kadà mi, wọ́n ní, “Ọjọ́ wo ni tìrẹ?”

“Bàbá, mi ò lóko. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀wẹ̀.”

“Mi ò bẹ ọ̀wẹ̀.”

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ tí mo kọjá níwájú ilé wọn tí wọn ò bi mí. Èrò á wà lẹ́yìn mi, ẹrù gàrí á wà níwájú mi, wọ́n á ké láti abẹ́ igi: “Ọlọ́kadà, ọjọ́ wo?” Àwọn èrò á ní kí ni mo jẹ bàbá yẹn. Màá ní àwọn ni wọ́n jẹ mí. Wọn ò ní gbà mí gbọ́.

Ilẹ̀ bàbá mi ti di igbó láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán an díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ kí n tó gbé èrò. Bàbá mi gbé àga sẹ́bàá rẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe ààlà fún mi. Kò fẹ̀. Nígbà tí mo dáná sun ún tán, mo lọ sọ fún Bàbá pé ọ̀túnla ni tèmi.

Wọ́n wá. Wọ́n kọ ìlà méjì, ìlà tó gún bí okùn, wọ́n jẹ iṣu, wọ́n fi igi ha erùpẹ̀ kúrò lára ọkọ́ yẹn, wọ́n gbé e kọ́ èjìká. Wọ́n ní, “Kò sí nǹkan láàárín wa mọ́.”

Ẹ̀gẹ́ tó wà lórí ìlà méjèèjì ti ga tó mi ní èjìká báyìí. Mo ṣì ń gun ọ̀kadà. Ọmọbìnrin télọ̀ ti ń dá mi lóhùn, kì í ṣe nígbà gbogbo. Lóṣù tó kọjá, aǹtí kọ ọ́ sórí wasáàpù pé àwọn ọ̀dọ́ mìíràn fẹ́ wá lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé oko wà tí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé ó wà, tèmi ni. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀, kí ẹni tó bá ń bọ̀ mọ̀ kó tó wọ ọkọ̀, kó sì sọ fún mi iṣẹ́ tí màá wá bá òun náà ṣe.